Àgbọn tí Nanasaheb Fọ́ Sórí Ilẹ̀ Àárín

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin eré náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Pandharinath. Vatsala ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ọkà bàbà ṣe síwájú rẹ̀, òun pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Ọkọ kàn ń wò ó ni, obìnrin náà tún gbé e kúrò.

"Kí ló dé gan-an? Gbogbo ìlú ló ń yin ilẹ̀ yín. Rédíò pàápàá yìn ín lánàá."

"Jọ̀ọ́, Vatsala, má dárúkọ ilẹ̀ yẹn létí mi láàárọ̀ yìí."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n ń yìn ló tún ń bínú. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí náà!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó àwo wọlé. Ọkọ rẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyìn yẹn gan-an ló ń kó ìpayà bá a, nítorí ó mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń yìn.

Ọdún méjìlélógún ni Pandharinath Bhoyar ti ń tọ́jú pápá kírikẹ́ẹ̀tì Dhamanwadi. Pápá ńlá ni, koríko ló bò ó, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tóóró kan láàárín ni gbogbo eré wà, ìgbésẹ̀ méjìlélógún ní gígùn, kò ní koríko, wọ́n sì ti fi rólà tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le koko. Ajubọ́ọ̀lù á sáré wá láti ìpẹ̀kun kan, á ju bọ́ọ̀lù aláwọ líle yẹn, bọ́ọ̀lù á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì fò lọ bá agbábọ́ọ̀lù tó mú igi dání ní ìpẹ̀kun kejì. Bí ilẹ̀ àárín bá dára, agbábọ́ọ̀lù mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Bí kò bá dára, bọ́ọ̀lù lè fò sókè lójijì, ó sì lè jẹ́ orí èèyàn ló máa bá. Nígbà tí mò ń wí yìí, akoto ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń dé fìlà aṣọ lásán.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀ yìí kéré. Ọkùnrin yìí máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ gún ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lè mọ bí omi ṣe kù nínú rẹ̀ tó. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lásán gbá ekuru kúrò lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ní ó ń tọ́jú ilẹ̀ ju bó ṣe ń tọ́jú Vatsala lọ, Vatsala náà kò sì jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń dùn ún. Eré ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Eré Tẹ́ẹ̀sì, èyí tí orílẹ̀-èdè fi ń bá orílẹ̀-èdè jà fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, kò dé Dhamanwadi rí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni àwọn ọkùnrin méjì kan dé láti Bombay pẹ̀lú ìwé àti bírò. Wọ́n ní bí ilẹ̀ àárín bá hùwà dáadáa nínú eré ọjọ́ mẹ́rin tí àwa ará Vidarbha fẹ́ bá Assam ṣe, Tẹ́ẹ̀sì á dé ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Pandharinath kò sùn dáadáa fún oṣù kan gbáko. Ó ń fomi rin ín, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bò ó, títí ilẹ̀ náà fi ń dán.

Àfi ìgbà tí Nanasaheb wá dá sí i.

Àṣà wa ni pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a ó fọ́ àgbọn kan kí ilẹ̀ lè gbè wá. Ara irin rólà ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, létí pápá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìyẹ̀fun pupa sàmì sí irin náà níwájú. Gulab Meshram tó ń wa rólà ló máa ń fọ́ ọ, ọkùnrin yẹn á sì máa fi àwàdà pa èèyàn lẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Nanasaheb Raut, alága pápá, mú oníkámẹ́rà ilé ìwé ìròyìn kan dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Níbi rólà kẹ̀? Ta ló fẹ́ rí mi níbi rólà? Àárín ni mò ń lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Pandharinath bẹ̀ ẹ́. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ ká aṣọ kúrò lórí ilẹ̀ ni. Ìrì kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì ń mí."

"Ilẹ̀ ń mí! Ṣé ìyàwó ẹ ni?"

Àwọn tó tẹ̀ lé e bú sẹ́rìn-ín. Nanasaheb bọ́ bàtà, ìyẹn ló mọ̀ ní ọ̀wọ̀, ó rìn dé àárín, ó gbé àgbọn sókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì là á mọ́lẹ̀. Gbàà! Oníkámẹ́rà ní òun kò rí i mú dáadáa. Nanasaheb bèèrè òmíràn, ó tún là á mọ́ ojú ibì kan náà. Omi àgbọn ṣàn, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ mu tíì.

Pandharinath kúnlẹ̀ sí ibẹ̀. Ihò kan ti wà, kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ, ó jìn tó ìka mẹ́rin nígbà tó gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ibi tó sì burú jù ló bọ́ sí, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ síwájú ibi tí agbábọ́ọ̀lù ń dúró sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ajubọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ ń fojú sùn. Eré ku wákàtí méjì.

Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ wa, ilẹ̀ òwú. Bí èèyàn bá fi í di ihò, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi gbẹ. Ilẹ̀ pupa ló ń yára gbẹ, àpò rẹ̀ kan sì wà nínú ahéré tí wọ́n ń lò fún ibi ìfidánrawò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú kì í di ara wọn mú. Bí oòrùn bá pa wọ́n, dúdú á sún kì, pupa á dúró, wọn á sì pínyà. Ọkùnrin yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Òun náà ló kọ́ Gulab.

Ó lọ bu ilẹ̀ pupa. Ó fi òòlù onígi gún un wọnú ihò, ó fi ekuru dúdú pa ojú rẹ̀, wọ́n gbé rólà gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó dìde, kò sí ẹni tó lè mọ ibẹ̀.

"O ṣeun," ni Nanasaheb, tó ti padà dé, sọ fún un létí. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, kó tó di alẹ́ ni wàá kó ẹrù ẹ kúrò nínú ilé tó ò ń gbé nínú ọgbà yìí. Ṣé ó yé ẹ?"

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru Nanasaheb o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Pandharinath lè lọ bá rẹfirí láàárọ̀ yẹn. Ilẹ̀ tóóró mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, kò dán tó o, ṣùgbọ́n kò ní àbùkù. Wọn ì bá gbé eré lọ síbẹ̀, àwọn ará Bombay ì bá sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Dhamanwadi kò tíì tó. Kò lọ. Òun náà ń fẹ́ Tẹ́ẹ̀sì.

Ọjọ́ kìíní lọ, ọjọ́ kejì lọ, ilẹ̀ náà hùwà bí ọmọ gidi. Àwọn ará Bombay ń kọ̀wé, wọ́n ń mi orí pé ó dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Gulab ń gbá ilẹ̀, ó dúró, kò sì ṣe àwàdà kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan."

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yí ibẹ̀ ká, roboto. Pandharinath fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Ó mì.

"Ẹ jẹ́ ká sọ fún rẹfirí," Gulab sọ.

"Ó ku ọjọ́ kan péré, Gulab. Ọjọ́ kan."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ń kú o, Ẹ̀gbọ́n."

Pandharinath bu ekuru bò ó, ó sì lọ sílé. Òfin kò gbà kó tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lè béèrè àyè láìsọ ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tó fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin tí oúnjẹ kò fi lọ.

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Assam láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Hemen Barthakur, olórí wọn, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì tó ń ṣe akọ̀wé nínú oko tíì kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Hemen babu ni Pandharinath ń pè é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó wá bá Pandharinath níbi iṣẹ́, ó kí i, ó bọ́ bàtà kó tó tẹ ilẹ̀ àárín, ó fi ọwọ́ pa á. "Kaka," ó ní, bí a ṣe ń pe àgbà lọ́dọ̀ wa, "mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún mọ́kàndínlógún, n kò rí irú ilẹ̀ yìí rí. Èyí ni eré ìkẹyìn mi. Mo dúpẹ́ pé orí ilẹ̀ yín ni mo ti máa parí rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀, Nirupoma, bá a wá láti ọ̀nà jíjìn yẹn. Àga iwájú ló ń jókòó sí, àpò aṣọ kan lórí itan rẹ̀, akoto sì wà nínú àpò náà. Ó yá a lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan. Hemen kì í fẹ́ dé e, ó ní kò jẹ́ kóun ríran dáadáa.

Pandharinath jókòó létí pápá ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí àyà agbábọ́ọ̀lù kọjú sí. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ Baliram, ajubọ́ọ̀lù wa tó ń sá bí ìjì, ojú Pandharinath á wá ibi roboto yẹn. Kò bà á. Òmíràn, kò bà á. Òógùn bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ní oṣù kejìlá o, nígbà tí àwọn èèyàn ń bora. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, bọ́ọ̀lù kan bà létí ibẹ̀. Ó fò sókè lójijì, ó sì bá Hemen ní èjìká. A gbọ́ ọ dé orí àga.

"Ó ti darúgbó jù!" ni ará wa kan kígbe. "Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dá eré dúró kí wọ́n jẹun ọ̀sán. Àsìkò yẹn ni olùtọ́jú ilẹ̀ ń fi ẹfun tún ìlà funfun fà. Ó ń fà á, ìlà ń wọ́. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn, ó wẹ̀yìn, Hemen ni, ó ń fi ọwọ́ kan pa èjìká, ó fi ọwọ́ kejì mú igi rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu igi kan ilẹ̀ ní ibi roboto yẹn gan-an. Kó, kó. Ó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tọ́, tọ́.

"Kaka, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ó dà bíi pé nǹkan ṣófo nísàlẹ̀ ibí."

Pandharinath gbójú sókè, ó rí Nanasaheb níwájú ilé ìjẹun, ife tíì lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n. Ó rí àwọn ará Bombay méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí òrùlé ilé tirẹ̀ lẹ́yìn wọn, aṣọ Vatsala lórí okùn.

"Oòrùn ni," ó ní. "Ilẹ̀ dúdú máa ń dún bẹ́ẹ̀ bó bá gbẹ."

"Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ní kí n fẹjọ́ sun rẹfirí. Mo ní rárá, ẹni tó ṣe ilẹ̀ wà láàyè, òun ni màá bi." Hemen rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyàwó mi náà kò jẹ́ kí n gbádùn nítorí akoto yẹn. Bí ẹ bá ní kí n dé e, màá dé e, Kaka. Ṣé kí n dé e?"

Ẹ wò ó, ìgbà mìíràn wà tí Ọlọ́run máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún èèyàn. Kò tilẹ̀ pọndandan kó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Kó kàn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dé e, oòrùn ọ̀sán kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ti gbà ní ọpọlọ kì í rí ilẹ̀kùn. Ohun tí Pandharinath rò ni pé bí ọkùnrin yìí bá jáde pẹ̀lú akoto lẹ́yìn tó bá òun sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan wà nílẹ̀. Ó mi orí pé rárá.

"Kò pọndandan, Hemen babu. Ilẹ̀ kò ní nǹkan kan."

"Ó tán nìyẹn." Hemen nawọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó mi ọwọ́ náà pé rárá, ó sì lọ mu omi.

Eré tún bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀rù tó ń ba Pandharinath kì í ṣe ti àárọ̀ mọ́. Láàárọ̀, ilẹ̀ ni kò sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ní báyìí, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ta ọkùnrin kan tó gbà á gbọ́. Gulab wá jókòó tì í. Hemen ń gbá bọ́ọ̀lù bí ọ̀dọ́, ó ku ogójì ayò péré kí Assam borí, ìyàwó rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́. Ni wọ́n bá tún gbé bọ́ọ̀lù fún Baliram, ẹni tó ti sinmi dáadáa.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ ba ojú ibẹ̀ gan-an. Kò fò, ńṣe ló sá mọ́lẹ̀, ó kọjá lábẹ́ igi Hemen, díẹ̀ ló kù kó wó àwọn igi mẹ́ta tí agbábọ́ọ̀lù ń ṣọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pandharinath rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ekuru tó gòkè níbẹ̀ pupa. Pupa rẹ́súrẹ́sú, lórí ilẹ̀ dúdú. Ìdérí náà ti ṣí nìyẹn. Òmíràn tó bá bà á níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó máa gbà.

Baliram ti yí padà, ó ti ń sáré bọ̀.

"Yéè," ni Pandharinath sọ jẹ́jẹ́. Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá okùn ẹ̀gbẹ́ pápá kó tó mọ̀. Gulab fà á láṣọ, aṣọ ya. Ó ń sáré lórí koríko, ọwọ́ méjèèjì lókè, ohùn tó ti há sí i lọ́fun fún ọjọ́ mẹ́rin sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà:

"Hemen babu! Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ kúrò!"

Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ Baliram. Hemen gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yí ojú síbi tí igbe ti wá.

Bọ́ọ̀lù sì ti gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì ló ti bá a. Igi rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́, òun náà wá tẹ̀ lé e, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, fìlà aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà gbogbo, wọ́n fi aṣọ ìnura di ojú rẹ̀, wọ́n gbé e sórí pátákó lọ sínú ọkọ̀. Ó ń mí. Èyí nìkan ni wọ́n lè sọ.

Rẹfirí bẹ̀rẹ̀, ó ń wá àmì ibi tí bọ́ọ̀lù ti balẹ̀. Ó rí i, àwọn ará Bombay náà rí i. Bọ́ọ̀lù yẹn kò dé ibi àbùkù. Ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn rẹ̀ ló ti balẹ̀, lórí ilẹ̀ dúdú gidi, ó sì gòkè bó ṣe yẹ kó gòkè. Irú bọ́ọ̀lù tí Hemen ti ń tẹrí ba fún láti ọdún mọ́kàndínlógún ni. Bí kò bá yí ojú, ì bá kọjá lórí rẹ̀ lásán.

"Ilẹ̀ kò jẹ̀bi," ni ọ̀kan nínú àwọn ará Bombay sọ. "Ilẹ̀ dára. Wèrè yìí ló pariwo."

Nanasaheb sún mọ́ Pandharinath, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. "Panu mọ́. Ṣé o gbọ́? Kì í ṣe ibẹ̀ ló bà. Panu mọ́, Tẹ́ẹ̀sì ti dé nìyí."

Pandharinath wo ojú rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i rí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ jáde láti inú àpò, èyí tó fi ń gún ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìlà roboto náà, ó sì gbé e. Odidi ni ilẹ̀ tó fi dí ihò jáde, pupa bíi bíríkì. Ó gbé e lé rẹfirí lọ́wọ́.

"Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀," ó ní.

Nanasaheb bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, àwọn ará Bombay ti ìwé wọn pa. Kò gbọ́ wọn mọ́, ọ̀nà ọsibítù ló ń sá lọ.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó dúró mọ́ ògiri títí oòrùn fi wọ̀. Dókítà jáde, ó bá Nirupoma sọ̀rọ̀: ọkùnrin náà máa yè, ṣùgbọ́n ojú òsì ti lọ. Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́. Ó wá rí Pandharinath, ó dìde, ó rìn bọ̀, àpò aṣọ yẹn ṣì wà lápá rẹ̀. Pandharinath dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ kó fi kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo rí yín lọ́sàn-án," ó ní. Kò pariwo. "Mo ti dìde pé màá gbé akoto wá fún un, bó bá fẹ́, bó bá kọ̀. Mo wá rí i tó ń bi yín, mo sì rí yín tí ẹ mi orí pé rárá. Mo ní ẹni tó ṣe ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Ó ṣí àpò náà kí Pandharinath lè rí inú rẹ̀. Akoto wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

"Èmi fúnra mi ni mo dá a padà sínú àpò, Kaka."